Ínhélà Kì Í Di Bárakú, Hóró Salbutamol Kò sì Rọ̀ Jù Ú Lọ

Bí ọyẹ́ bá ti mú ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, tí eruku gba ìta kan, ikọ́ fée (ásímà) a máa gbéra sọ. Àwọn kan ti ní ínhélà nílé, wọn ò sì ní í fà á, torí ohun tí wọ́n gbọ́: "Bó o bá fà á lẹ́ẹ̀kan, kò ní fi ọ́ sílẹ̀ mọ́. Hóró ló rọ̀ lára." Irọ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Fífà kan nínú ínhélà salbutamol, oògùn tó ń ṣí ọ̀nà èémí, jẹ́ máíkírógíráàmù 100. Hóró míligíráàmù 4 kan ṣoṣo jẹ́ ìlọ́po 40 rẹ̀. Inú ikùn àti ẹ̀jẹ̀ ni hóró ń gbà kó tó dé ẹ̀dọ̀fóró; ìdí nìyẹn tí ọwọ́ fi ń gbọ̀n, tí àyà sì ń lù kì-kì-kì. Ínhélà ń ṣiṣẹ́ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 5; hóró lè gbà tó 30. Ẹni tí èémí ń há kò ní àyè yẹn.

Kí ló wá dé táwọn kan fi ń fà á lójoojúmọ́? Ọ̀nà èémí wọn ló wú nínú. Salbutamol ń dẹ iṣan tó fún ọ̀nà náà pa, kì í wo wíwú. Ínhélà sítẹ́rọ́ìdì, bíi beclometasone tàbí budesonide, ló ń wò ó, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń fà á, kódà bára bá yá. Òun gan-an làwọn aláìsàn ń pa tì, torí kì í mú èémí já geere lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, bí ẹnì kan bá ń fa salbutamol ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́sẹ̀, ẹ bi í léèrè ínhélà sítẹ́rọ́ìdì rẹ̀. Láti 2019 ni ìlànà GINA, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ásímà, ti ní ká má fi salbutamol nìkan tọ́jú àgbàlagbà tó ní ásímà mọ́.

Ẹ má gba "mo mọ̀ ọ́n lò" gbọ́. Kó ṣe é lójú yín. Kó mì í, kó mí síta, kó fi ètè dì í mú, kó tẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ sí í fà á díẹ̀díẹ̀, kó sì sé èémí fún ìṣẹ́jú-àáyá 10. Bó bá tẹ̀ ẹ́ ṣáájú, ọ̀fun ni oògùn á lẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn sítẹ́rọ́ìdì, kó fi omi yọ ẹnu, kó tu ú dà, kí ahọ́n má baà bu funfun.

Ọmọdé nílò spacer, ìyẹn ike tó máa ń wà láàárín ínhélà àti ẹnu. Bí kò bá sí, ike omi 500 mílílítà tó mọ́ tó sì gbẹ tó o. Wáyà gbígbóná tí wọ́n tẹ̀ bí ẹnu ínhélà ni wọ́n fi ń lu ìdí rẹ̀, kó lè há ṣinṣin, kí afẹ́fẹ́ má jò. Ọmọ á fi ẹnu sí ẹnu ike. Ẹ tẹ ẹ̀kan, kó mí sínú mí síta nígbà márùn-ún, kẹ́ ẹ tó tẹ òmíràn.