Kíkí Ọmọ Ẹgbẹ́ Tuntun Ju Kíka Orúkọ Lọ

Ohun tí mo rí ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa tó kọjá ṣì ń dùn mí. Akọ̀wé pe àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tuntun síwájú pa pọ̀, ó ka orúkọ wọn wuuruwu láti inú ìwé, a pàtẹ́wọ́, wọ́n sì ní kí wọ́n padà lọ jókòó. Káàdì ìkíni tí wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan kò ní orúkọ kankan lórí. Àyè tí ó yẹ kí orúkọ wà ṣófo. Wọ́n ṣi orúkọ ìyá àgbàlagbà kan pè láàárín wọn. Ó rọra tún un pè, ṣùgbọ́n ariwo àtẹ́wọ́ ti bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí ìpàdé parí, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni ó dúró sí, tí ó ń yí káàdì náà síwá sẹ́yìn, tí àwa tí a ti mọra tipẹ́ sì kóra jọ, tí à ń tàkúrọ̀sọ.

Mo lọ bá a, mo ní, "Ẹ kú ìpàdé o, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni a ṣe ń pe orúkọ yín gan-an?" Ó pè é fún mi, ó sì fi kún un pé iṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò ni òun ṣe títí òun fi fẹ̀yìn tì, àti pé nítorí pé ẹgbẹ́ wa ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìwé lọ́jọ́ Sátidé ni òun ṣe wọlé. Ẹni tí a ti ń wá kiri nìyẹn! Gbogbo rẹ̀ ni ó ti kọ sínú fọ́ọ̀mù, àmọ́ ibi tí owó ìwọlé wà nìkan ni ẹni tí ó gbà á wò.

Àwọn kan yóò ní ẹgbẹ́ ti pọ̀ jù, pé ta ni yóò máa bá ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn kò wọ̀ mí létí. Àwọn ẹgbẹ́ tí ó tóbi jù tiwa lọ fíìfíì ń ṣe é: ní Toastmasters, ẹgbẹ́ tí ń kọ́ni bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ ní gbangba, tí Ralph Smedley dá sílẹ̀ ní 1924, ó wọ́pọ̀ kí wọ́n yan ẹni tí ó ti pẹ́ nínú ẹgbẹ́ láti máa tọ́ ẹni tuntun sọ́nà. Agbẹjọ́rò ni Paul Harris tí ó dá ẹgbẹ́ Rotary sílẹ̀ ní Chicago ní 1905; àìlọ́rẹ̀ẹ́ nínú ìlú ńlá náà wà lára ohun tí ó sún un dé ibẹ̀. Ọ́fíìsì ara wọn ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ ń yí kiri láti ṣèpàdé, èyí tí ó mú kí oníkálukú mọ ibi tí ẹnì kejì rẹ̀ ti ń jẹun òòjọ́. Ẹni tí ó bá wá sínú ẹgbẹ́, ènìyàn ni ó ń wá, kì í ṣe ìwé òfin.

Ohun tí mo ń bèèrè kò ju pé kí ẹnì kan ka fọ́ọ̀mù ṣáájú ìpàdé, kí ó bèèrè bí a ṣe ń pe orúkọ àlejò, kí ó jókòó tì í lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ó sì pè é lórí fóònù kí ìpàdé kejì tó dé.

Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́kùnrin kan tí ó wọlé lọ́jọ́ kan náà sọ ohun tí n kò rí fèsì sí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ká ní wọ́n ní kí n dìde wá sọ̀rọ̀ nípa ara mi ni, n kì bá padà wá mọ́." Kíkí tí ó dun ìyá yẹn ni ó fi ọkàn tirẹ̀ balẹ̀. Mo ṣì máa dábàá pé kí fọ́ọ̀mù bèèrè bí oníkálukú ṣe fẹ́ kí a gba òun, àmọ́ n kò mọ̀ bóyá onítìjú yóò lè kọ èyí tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ sórí ìwé fún àwọn tí kò tíì mọ̀.