Wọ́n ní ìbọn tó hàn síta ló ń lé olè: kò rí bẹ́ẹ̀

Bí ajínigbé bá ti wọ àdúgbò kan ní Àbújá níbí, ní Kubwa, Lugbe tàbí Bwari, tí wọ́n sì pe ìpàdé àwọn láńlọ́ọ̀dù, kì í pẹ́ tí ẹnìkan fi máa dìde sọ pé: "Ẹ jẹ́ kí àwọn máìgádì wa gbé ìbọn kọ́ èjìká, kí gbogbo ayé rí i. Olè tó bá rí ìbọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò bá sọ̀rọ̀." Àwọn tó jókòó á ní òótọ́ ló sọ. Ẹni tó ń múra àtilọ sí Kàdúná tàbí Lọ́kọ́ja náà á ní ìjókòó iwájú ọkọ̀ lòun máa gbé tòun sí, níbi tí ojú ti lè tó o.

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, àmọ́ ó ti pa èèyàn. Ibi tó ti wọ́ ni pé ó gbà pé ẹni tó gbé ìbọn ló ń pinnu ohun tí ìbọn náà ń sọ fáyé. Ẹni tó ń wò ó ló ń pinnu, onítọ̀hún kò sì mọ ẹni tó gbé e rí.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà láti ilé wa. Ní Ìsẹ́yìn tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, ọdẹ lè gbé ṣakabùlà kọ́ èjìká kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà láàárọ̀, kí ìyá ẹlẹ́kọ sì bèèrè pé kí ló pa bọ̀. Kò sẹ́ni tó máa sá. Wọ́n mọ bàbá rẹ̀, wọ́n mọ agbo ilé rẹ̀, wọ́n mọ Olúọdẹ tó ń jíhìn fún, wọ́n sì mọ ilé tí wọ́n ti máa lọ mú un bó bá ṣìwà hù. Èèyàn ni wọ́n rí, ìbọn kàn wà léjìká rẹ̀ ni. Gbogbo ìmọ̀ yẹn ló ń ṣe ààbò tí a rò pé ìbọn ló ń ṣe é. Ẹ gbé ìbọn kan náà wá sí Kubwa. Àwọn Gbàgyí ló nilẹ̀, àwa yòókù, àlejò ni wá, a kì í sì í mọ orúkọ ẹni tó ń gbé òdìkejì títì. Ìbọn nìkan ni wọ́n máa rí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹni tó rí i ni "bindiga", ìyẹn ìbọn ní èdè Hausa. Ìkejì lè jẹ́ "barawo", ìyẹn olè, ẹni tó bá sì ti gbé àríwá pẹ́ mọ ohun tó ń tẹ̀lé igbe yẹn.

Kí aṣọ má tan ẹnikẹ́ni náà. Ní alẹ́ 14 April 2014 tí Boko Haram wọ Chibok, aṣọ ológun wà lára wọn, àwọn ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́ náà sì kọ́kọ́ rò pé sọ́jà ló wá dáàbò bo àwọn. Àwọn ará àríwá kò gbàgbé. Aṣọ aláwọ̀ ewé, bàtà ológun àti ìbọn léjìká kò tún fi ẹni tó wọ̀ wọ́n hàn fún ẹnikẹ́ni mọ́. Bí máìgádì yín bá wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ kó lè dà bí alágbára, ìfura ló fi kún ìfura.

Àwọn olùwádìí ti fi ojú wọn rí bí ìbọn ṣe ń gba ojú ẹni tó ń wò ó. Ní 1987, Elizabeth Loftus àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi àwòrán ilé oúnjẹ kan han àwọn èèyàn. Fún àwọn kan, oníbàárà na sọ̀wédowó sí ẹni tó ń gbowó. Fún àwọn yòókù, ìbọn ló nà sí i. Wọ́n ń ṣọ́ ibi tí ojú àwọn tó ń wo àwòrán náà ń lọ. Ojú àwọn tó rí ìbọn lẹ̀ mọ́ ìbọn, nígbà tí wọ́n sì ní kí wọ́n dá ọkùnrin náà mọ̀ lẹ́yìn náà, wọn ò ṣe é dáadáa tó àwọn tó rí sọ̀wédowó. Nítorí náà, káàdì ìdánimọ̀ tí ẹ fi kọ́ ọrùn máìgádì, ẹ̀rín rẹ̀, fìlà tí ẹ kọ orúkọ àdúgbò sí, kò sí èyí tí àlejò máa rí lójú ẹsẹ̀ bí ìbọn bá ti wà níbẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Uromi, ní ìpínlẹ̀ Edo, ní ìparí March 2025, dùn wá gan-an, ó sì yẹ kí gbogbo wa fara balẹ̀ rò ó. Àwọn ọmọ Hausa kan tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ọdẹ, mafarauta ni wọ́n ń pè wọ́n níbí, ń ti Port Harcourt bọ̀ wá sí Kano láti bá ará ilé ṣọdún ìtúnu ààwẹ̀. Àwọn fijilanté dá ọkọ̀ wọn dúró, wọ́n tú ẹrù, wọ́n rí ìbọn ìbílẹ̀. Igbe ajínigbé ta. Ó kéré tán, èèyàn 16 ni wọ́n pa. Lójú àwọn tó ni ín, irinṣẹ́ ni ìbọn yẹn, bí ọkọ́ ṣe jẹ́ fún àgbẹ̀. Lójú àwọn tó tú ẹrù, ẹ̀rí ni. Kò sí àyè láti ṣàlàyé láàárín méjèèjì. Inú ẹrù ni ìbọn wọn sì wà o, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbé e kọ́ èjìká rìn ní títì.

Àwọn kan á ní: ẹ fi ará ìlú sílẹ̀, olè ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fi ojú olè wò ó nígbà náà.

Àwọn tó ń jí èèyàn gbé ní ọ̀nà Àbújá sí Kàdúná kì í dá wá. Wọ́n máa ń pọ̀, AK-47 ló sì sábà máa ń wà lọ́wọ́ wọn, èyí tí àpò ọta rẹ̀ ń gba ọta 30. Ṣakabùlà máìgádì ń yin ẹyọ kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ní láti da ẹ̀tù sí ẹnu ìbọn, kó fi ọ̀pá kì í, kó da ọta sí i, kó tún kì í, kó tó wá ṣètò ibi tó ń ṣáná. Ọwọ́ tó mọ́ ọn lára ṣì máa lo àkókò gidi lójúmọmọ. Lókùnkùn, tí ọwọ́ ń gbọ̀n, kò ní í parí rẹ̀. Ní August tí òjò Àbújá kò dáwọ́ dúró, ẹ̀tù tó ti gba ọ̀rinrin lè má gbiná rárá. Èyí tó tún burú ni pé ṣakabùlà tí a ti kì kò ṣeé tú bọ̀rọ̀: ọ̀pọ̀ ọlọ́dẹ kàn máa ń gbé e ní kíkì kiri ni, lórí ọ̀kadà, nínú kòtò àti gegele, ẹnu ìbọn sì lè kọjú sí orí ẹni tó jókòó lẹ́yìn.

Ìbọn tí wọ́n ti rí látòkèèrè ti fi ẹni tí wọ́n máa kọ́kọ́ yìn hàn wọ́n, kí ẹnikẹ́ni tó lanu. Ó sì tún jẹ́ ẹrù tí wọ́n fẹ́. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé àwọn agbébọn ní àríwá ń kọlu àgọ́ ọlọ́pàá, tí wọ́n sì ń kó ìbọn ibẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá lè ṣe èyí sí ọlọ́pàá, kí ni wọ́n máa ṣe sí máìgádì méjì lẹ́nu géètì?

Ìbọn ìléwọ́ tí èèyàn fi sí ìbàdí níbi tí gbogbo ayé ti rí i náà kò yàtọ̀. Ní 1983, Dennis Tueller, tó ń kọ́ àwọn ọlọ́pàá ní Salt Lake City, kọ̀wé pé ẹni tó mú ọ̀bẹ lè sáré ẹsẹ̀ bàtà 21 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan àbọ̀, àkókò kan náà tí ọlọ́pàá tó ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ máa fi yọ ìbọn lápò, kó sì yìn ín. Ẹsẹ̀ bàtà 21 kò tó gígùn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ méjì. Nínú ọjà Wuse tàbí ibùdókọ̀ Nyanya, ta ni yóò fún yín ní àyè tó tó bẹ́ẹ̀? Ẹni tó wà lẹ́yìn yín ti rí ìbọn náà kí ẹ tó rí òun.

Òótọ́ kan wà níbẹ̀, a kò ní sẹ́ ẹ: olè kékeré tó wá jí bátìrì ọkọ̀ lè rí ìbọn kó sì sá. Àmọ́ irú olè bẹ́ẹ̀ ń sá fún ajá, iná àti fèrè pẹ̀lú, kò sì sí ẹni tí fèrè ṣèèṣì pa rí.

Òfin ńkọ́? Níbí ni àṣìṣe pọ̀ sí jù. Òfin Ìbọn ilẹ̀ wa ti 1959 pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Nínú èyí tí a kà léèwọ̀ ni bọ́ǹbù, ìbọn arọ̀jò ọta, ìbọn ológun bíi ti 7.62mm, àti gbogbo ìbọn ìléwọ́ wà. Ààrẹ nìkan ló lè yọ̀ǹda rẹ̀, ẹni tí wọ́n bá sì mú pẹ̀lú rẹ̀ láìní àṣẹ, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní ọdún 10. Èkejì ni ìbọn tí ará ìlú lè gba ìwé àṣẹ rẹ̀ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá: ìbọn ẹlẹ́nu kan tàbí méjì tí a ń fi ọwọ́ kì, ìbọn ọdẹ tí kì í ṣe ti ológun, àti ìbọn afẹ́fẹ́. Ìbọn tí a ń fà bíi pọ́m̀pù kó tó yìn, èyí tí ọ̀pọ̀ àdúgbò ń dá owó rà, kò sí nínú ẹ̀ka yìí. Ṣakabùlà wà ní ìpín kẹta, òun náà sì ní ìwé tirẹ̀. Pé bàbá yín fi sílẹ̀ fún yín kò sọ ọ́ di ọ̀fẹ́.

Ẹ fi èyí kún un: òfin ilé iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ aládàáni ti 1986 kò gba ẹ̀ṣọ́ láyè láti gbé ìbọn. Nítorí náà, máìgádì tí ilé iṣẹ́ gbé wá fún yín, tí ẹ sì fa ìbọn lé lọ́wọ́, ẹ ti sọ òun àti ara yín di arúfin. Àwọn kan á ní Amọ̀tẹ́kùn ń gbé e nílé. Amọ̀tẹ́kùn bẹ̀rẹ̀ ní January 2020, òfin ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ló gbé e ró, kò sì ní àṣẹ kankan ní Àbújá.

Ìwé àṣẹ fúnra rẹ̀, inú àpò ló ń wà. Sọ́jà tó dúró ní Zuba ní aago mẹ́wàá alẹ́ kò lè kà á láti ogún ìṣísẹ̀. Ìbọn ló máa rí. Bí ó bá di dandan kí ìbọn tó níwèé bá yín rìnrìn àjò, ẹ tú ọta inú rẹ̀ jáde nílé, ẹ fi ìbọn sínú àpò rẹ̀, ẹ dì í, kó wà ní búùtù, kí ọta wà nínú àpò mìíràn. Kí ìwé wà níbi tí ẹ ti lè mú un láìwá a kiri. Bí ẹ bá ti rí ṣẹ́kípọ́ìǹtì, ẹ dín iná iwájú kù, ẹ tan iná inú ọkọ̀, ẹ sọ gíláàsì kalẹ̀, kí ọwọ́ méjèèjì wà lórí sítíárìn. Ẹ kí sọ́jà tàbí ọlọ́pàá tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì sọ fún un kó tó bi yín pé ìbọn wà ní búùtù àti pé ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́. Ẹ má sọ̀ kalẹ̀ lọ ṣí i fúnra yín àfi bó bá ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fi í sí ìjókòó iwájú ti gba àǹfààní àtisọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Wọ́n á ní Amẹ́ríkà ńkọ́, níbi tí òfin ti gbà á. Ẹ wo Dallas, 7 July 2016. Àwọn bíi 20 sí 30 gbé ìbọn gígùn dání wá sí ìwọ́de, òfin Texas sì gbà wọ́n láyè. Nígbà tí ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ sí yìnbọn pa ọlọ́pàá, márùn-ún ló kú. Àwọn ọlọ́pàá kò mọ ẹni tí wọ́n máa dojú kọ mọ́, wọ́n sì gbé fọ́tò ọkùnrin kan tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ síta pé òun ni wọ́n ń wá, torí pé ìbọn wà léjìká rẹ̀. Ọdún méjì ṣáájú, ní Beavercreek, Ohio, níbi tí òfin tún ti gbà á, ọlọ́pàá yìnbọn pa ọ̀dọ́kùnrin kan nínú ilé ìtajà Walmart. Ìbọn afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń tà níbẹ̀ gan-an ló mú lọ́wọ́. Oníbàárà tó rí i ló pe ọlọ́pàá. Ní September 2019, Walmart fúnra rẹ̀ bẹ àwọn oníbàárà pé kí wọ́n má gbé ìbọn síta wọlé mọ́.

Àwọn àgbà ti sọ ọ́: ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n kọjú ìbọn sí òun? Ìdí nìyẹn tí ìbọn ìṣeré dúdú tí ẹ ń rà fún ọmọ nígbà ọdún fi gbọ́dọ̀ dúró sínú ọgbà, kó má sì bá yín wọ ọkọ̀. Ó kéré tán, ẹ ra èyí tó ní àwọ̀ pupa tàbí àwọ̀ ọsàn.

Ẹ fi owó ìbọn yẹn ra iná sólà tó ń tan ojú títì, kó má ṣe tan ojú máìgádì. Ẹ jẹ́ kí máìgádì méjì jókòó ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ọ̀kan máa rí èkejì, kí kálukú ní fèrè àti fóònù tó ní owó. Kí géètì wà ní títì láti aago mẹ́wàá, kí ẹni tó bá wọlé lẹ́yìn ìyẹn dín iná ọkọ̀ rẹ̀ kù kí wọ́n lè rí ojú rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ gbogbo máìgádì pẹ̀lú fọ́tò wọn lọ fún DPO, ọ̀gá ọlọ́pàá àdúgbò, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ olórí àwọn Gbàgyí ibẹ̀, kí ẹ sì tún un kọ lọ́jọ́ tí ọ̀kan bá fi iṣẹ́ sílẹ̀. Nọ́ńbà DPO àti 112, nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì, ni kó wà lórí fóònù wọn, kí wọ́n pè é kí wọ́n tó fọn fèrè.