Ilé Ìkàwé fún Ẹni Tí Kò Ráyè Kàwé

Bí ẹ bá fẹ́ kí ayé máa kan sáárá sí yín, ẹ má fi oore bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ yín bí ẹni ń fún ọsàn. Bí omi bá tán lára wọn, ẹ wá bu ìwọ̀nba fún aráàlú nínú rẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ yín gàdàgbà síbi tí gbogbo ojú á ti rí i.

Andrew Carnegie, olówó ilé iṣẹ́ irin ní Amẹ́ríkà, ni baba ìsàlẹ̀ àṣà yìí. Ọmọ ahunṣọ láti Scotland ni, ó dé Amẹ́ríkà ní 1848, iṣẹ́ tó sì kọ́kọ́ rí, dọ́là 1.20 ló ń gbà lọ́sẹ̀. Ẹni tó ti jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí àánú òṣìṣẹ́ máa ṣe é. Ó kúkú ń ṣe é, lórí ìwé. Ní 1886 ó kọ ọ́ pé òṣìṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ní 1892, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ irin rẹ̀ ní Homestead, nítòsí Pittsburgh, ní àwọn ò ní gbà kí wọ́n gé owó àwọn. Alábòójútó rẹ̀, Henry Frick, ti géètì mọ́ wọn síta, ó kó 300 ẹ̀ṣọ́ Pinkerton, ilé iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ aládàáni, gba orí omi wá lóru. Ìbọn ró, ẹ̀mí lọ. Carnegie dà? Bàbá ń gbatẹ́gùn ní Scotland. Ọwọ́ mi kọ́, ẹsẹ̀ mi kọ́! Àmọ́ ó ti kọ̀wé sí Frick ṣáájú pé ohun yòówù tó bá ṣe, òun fọwọ́ sí i.

Ní 1901 ó ta ilé iṣẹ́ náà ní mílíọ̀nù 480 dọ́là, ó wá tú àpò sílẹ̀ pátápátá: gbogbo ilé ìkàwé tó fi owó rẹ̀ kọ́ káàkiri ayé lé ní 2,500. Ṣùgbọ́n ìlú tó bá fẹ́ ni yóò wá ilẹ̀, ìlú náà ni yóò sì máa fi ìdámẹ́wàá owó ẹ̀bùn náà tọ́jú rẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹ ò rí ẹ̀bùn tó ń bèèrè oúnjẹ!

Àwọn olówó òde òní ti há iṣẹ́ náà sórí. Lánàá, wọ́n ń ka ìṣẹ́jú tí òṣìṣẹ́ fi lọ tọ̀; lónìí, wọ́n ti gbé sọ̀wédowó tó tó ilẹ̀kùn dání, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà.

Homestead náà rí ilé ìkàwé tiwọn gbà ní 1898. Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ wà níbẹ̀, gbọ̀ngàn orin wà níbẹ̀, ìwé kún pẹpẹ. Ẹ wá wo ọkùnrin kan tó ti lo wákàtí 12 nídìí iná ìléru, irun ojú rẹ̀ ti jó, ìka rẹ̀ le bí igi. Ó jókòó, ó ṣí ìwé, ó la ojú ìwé kìíní, ó sì gbé orí lé e. Híhanrun ló ń hanrun.