Òyìnbó kọ́ ló ya àsíá Nàìjíríà, ẹ jọ̀ọ́

Láti ìgbà tí ìjọba ti dá orin orílẹ̀-èdè àtijọ́ padà ní May 2024 ni ọ̀rọ̀ kan ti ń lọ káàkiri lórí WhatsApp, tó bá sì ti ń sún mọ́ October 1 báyìí wọ́n á tún gbé e dìde: "Òyìnbó ló sọ wá lórúkọ, òyìnbó ló kọ orin fún wa, òyìnbó náà ló tún ya àsíá fún wa, kí ló wá kù tó jẹ́ tiwa?" Àbúrò mi fi ránṣẹ́ sí mi, ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ fi ránṣẹ́, àgbàlagbà kan tiẹ̀ sọ ọ́ nínú ìpàdé àdúgbò wa, gbogbo èèyàn sì ń mi orí pé òótọ́ ni.

Ẹ gbọ́ o. Méjì àkọ́kọ́ yẹn, mi ò bá yín jiyàn. Flora Shaw, obìnrin akọ̀ròyìn ará Gẹ̀ẹ́sì, ló dá orúkọ Nàìjíríà lábàá nínú ìwé ìròyìn The Times ní London ní January 1897, kò tíì fẹ́ Lugard, òyìnbó tó wá ṣe gómìnà lé wa lórí, nígbà yẹn rárá, 1902 ni wọ́n tó ṣègbéyàwó. Lillian Jean Williams tó kọ ọ̀rọ̀ orin yẹn náà, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì ni. Àmọ́ ìkẹta yẹn, irọ́ ni, ó sì ń dùn mí gan-an torí iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ Ìbàdàn ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹ̀ fún ẹni tí ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀.

Bàbá Táíwò Akínkúnmi lorúkọ wọn. Ìbàdàn ni ìyá wọn bí wọn sí ní 1936, Ibadan Grammar School ni wọ́n lọ, wọ́n ṣiṣẹ́ díẹ̀ ní Sẹkitéríàtì kí wọ́n tó gba London lọ, wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná ní Norwood Technical College. Iṣẹ́ iná o, kì í ṣe iṣẹ́ àwòrán. Ní 1958 wọ́n wà ní láíbúrì, wọ́n ń ka ìwé ìròyìn, ni wọ́n bá rí ìkéde pé Nàìjíríà ń wá ẹni tó máa ya àsíá tá a máa ta lọ́jọ́ òmìnira. Wọ́n yà á, wọ́n fi ránṣẹ́. Ọmọ ọdún 22 ni bàbá nígbà yẹn. Nínú gbogbo èyí tó wọlé, tiwọn ni ìjọba mú, £100 sì lẹ̀bùn ẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ rí àsíá tí òyìnbó ṣe fún wa, ó wà níbẹ̀ dáadáa, èyí tá a lò kó tó di 1960. Búlúù ni gbogbo ara ẹ̀, Union Jack wà ní igun òkè, lápá kejì wọ́n fi pupa ṣe róbótó kan, ìràwọ̀ onígun mẹ́fà aláwọ̀ ewé wà nínú róbótó yẹn, adé ọba ìlú wọn wá wà láàárín ìràwọ̀, wọ́n kọ Nigeria sábẹ́ adé. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa kẹ́ ẹ wò ó. Adé ẹlòmíì ló wà láyà wa gbogbo ọdún yẹn.

Àwọn tó gbọ́ ìtàn yẹn dé àyè kan á ní ṣebí àwọn adájọ́ ìdíje ṣì tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n fọwọ́ kàn án. Bàbá fi oòrùn pupa kan tó ń tàn yanran sáàárín funfun yẹn, àwọn adájọ́ ní kí oòrùn kúrò. Èmi ì bá fẹ́ kí wọ́n fi sílẹ̀, kí n má parọ́. Àmọ́ ẹni tó já bọ́tìnì kan kúrò lára aṣọ, ṣé òun ló rán aṣọ ni?

Mo tún ti gbọ́ ọ pé gíríìnì yẹn àmì Mùsùlùmí ni, ẹlòmíì ní gíríìnì kan Haúsá, ìkejì Ìgbò, àwa Yorùbá la wà láàárín. Níbo lẹ ti rí i? Ilẹ̀ wa ni gíríìnì, igbó, oko, ohun tó ń hù. Funfun ni àlàáfíà. Kò jùyẹn lọ. Nígbà tí bàbá sì padà dé láti London, ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba n'Ìbàdàn ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì.

Ohun tó jẹ́ kí irọ́ yìí rẹ́sẹ̀ walẹ̀ ni pé a gbàgbé bàbá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi jókòó jẹ́ẹ́ n'Ìbàdàn nínú ilé tí wọ́n kùn ní gíríìnì àti funfun, àwọn èèyàn ń kọjá níwájú ẹ̀. 2014 ni ìjọba àpapọ̀ tó fún wọn ní OFR, ọ̀kan lára àwọn oyè ọlá orílẹ̀-èdè wa. Wọ́n kú ní August 29, 2023, lẹ́ni ọdún 87, ó sì lé lọ́dún kan kí wọ́n tó sin wọ́n. Ẹni tó ya àsíá tí wọ́n fi ń bo pósí àwọn ọ̀gá ṣọ́jà.

Lọ́dún tó kọjá, ilé ìwé ọmọ mi ní ká mú àsíá wá, mo bá gba ọ̀dọ̀ télọ̀ àdúgbò wa lọ. Ó ti gé funfun ní fífẹ̀ ju gíríìnì lọ, mo ní rárá, ọgbọọgba ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òró la sì ń tò wọ́n, gígùn ẹ̀ á jẹ́ ìlọ́po méjì gíga ẹ̀, tí gíga bá jẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́ta, gígùn á jẹ́ mẹ́fà, ẹsẹ̀ méjì méjì ló máa kan kálukú. Ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, ó gé e, ó ń wa ẹ̀rọ lọ, ló bá ní òyìnbó mà gbọ́n o, ẹ wo bó ṣe rọrùn. Mo sọ fún un. Ó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"N'Ìbàdàn ibí yìí?"

Mo ní n'Ìbàdàn ibí. Ó ní kí n tún orúkọ yẹn pè kí ọmọ iṣẹ́ òun gbọ́.