Ọwọ́ Èwe Kò Tó Pẹpẹ: Ọ̀rọ̀ Ẹgbẹ́ Àdúgbò àti Ìjọba Ìbílẹ̀

Ọwọ́ èwe kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń dá òwe náà dúró sí. Ṣùgbọ́n ó ní ìyókù, ìyókù yẹn ló sì wà lọ́kàn mi lónìí: iṣẹ́ tí èwe bá bẹ àgbà, kí ó má ṣe kọ̀ ọ́, gbogbo wa la níṣẹ́ tí a jọ ń bẹ ara wa.

Nínú àjọṣe ẹgbẹ́ àdúgbò àti ìjọba ìbílẹ̀, apá kan ṣoṣo nínú òwe yìí ló sábà máa ń ṣiṣẹ́. Ìjọba a máa bẹ ará àdúgbò níṣẹ́: ẹ wá gbálẹ̀ ojú ọ̀nà, ẹ bá wa kéde ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ wá jókòó níbi ìpàdé kí àlejò lè rí i pé èrò pọ̀. Ará àdúgbò á jẹ́ iṣẹ́ náà. Ìgbà tó bá wá kan àwọn náà láti bẹ ìjọba níṣẹ́, lẹ́tà wọn á wọ fáìlì, ẹnikẹ́ni ò sì ní gbúròó rẹ̀ mọ́. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni àjọṣe náà ti ń bàjẹ́, kì í ṣe nínú àìsí owó tí gbogbo ènìyàn máa ń pariwo.

Ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lórí pẹpẹ àti ohun tó wà nínú kèrègbè. Òfin, owó orí, ẹ̀rọ ńláńlá, páìpù tó gba àárín àdúgbò púpọ̀ kọjá, ọwọ́ ìjọba nìkan ló tó wọn. Ṣùgbọ́n ilé tí omi máa ń kọ́kọ́ wọ̀ bí òjò bá rọ̀, opó tí kò lè san owó ẹgbẹ́ lóṣù yìí, ibi tí àwọn ọmọ ń gbà lọ sílé ìwé nítorí pé ọ̀nà tààrà léwu, kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ọwọ́ rẹ̀ lè wọ ibẹ̀ bíi ti àwọn tó ń gbé níbẹ̀.

N kò mọ ibi tí òwe yìí ti ṣẹ bíi ti Orangi, àdúgbò ńlá kan ní ìlú Karachi, lórílẹ̀-èdè Pakístàn. Nígbà tí Akhtar Hameed Khan, onímọ̀ nípa ìdàgbàsókè àwùjọ, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1980, omi ìdọ̀tí ló ń ṣàn ní gbangba láàárín ilé sí ilé. Àwọn ènìyàn ń retí kí ìjọba wá ṣe gbogbo rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ìjọba kò sì wá. Ni òun àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ bá pín iṣẹ́ náà sí méjì. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀, páìpù inú ọ̀nà tóóró, àti èyí tó so àwọn ọ̀nà náà pọ̀, ará àdúgbò ni yóò fi owó ara wọn ṣe é. Páìpù ńlá tó ń kó gbogbo omi náà jáde, àti ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ di mímọ́, ti ìjọba ni.

Ẹ wo bó ṣe rí ní ọ̀nà tóóró kan. Ogún sí ọgbọ̀n ilé ló kọjú síra wọn. Wọ́n á yan ẹnì kan tí wọ́n fọkàn tán pé kó máa gba owó. Onímọ̀ á wá wọn ilẹ̀, á sì sọ bí páìpù yóò ṣe dagẹ̀rẹ́ tó, nítorí bí ìdagẹ̀rẹ́ náà bá fi díẹ̀ yẹ̀, ìdọ̀tí gbogbo ọ̀nà yóò padà sẹ́nu ilẹ̀kùn ilé tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ta ni ìjọba fẹ́ gbà síṣẹ́ tí yóò ṣọ́ páìpù yẹn bí onílé ìsàlẹ̀ yóò ṣe ṣọ́ ọ? Ilé tó lé ní 90,000 ni wọ́n fi páìpù sí báyìí, owó tí wọ́n sì ná kéré gan-an sí iye tí àwọn agbaṣẹ́ṣe ìjọba ń gbà.

Apá ti ìjọba ló pẹ́. Níbi tí páìpù ńlá kò sí, inú odò kéékèèké ni omi ìdọ̀tí ń dà sí. Ará àdúgbò kò kàn jókòó kí wọ́n máa bú ìjọba. Wọ́n ya àwòrán ilẹ̀, wọ́n sàmì sí gbogbo ọ̀nà àti gbogbo ibi tí omi ń gbà, wọ́n gbé e lọ bá àwọn aláṣẹ, àwọn aláṣẹ sì lò ó. Èwe bẹ àgbà níṣẹ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe eré. Parween Rahman, ayàwòrán ilé tó léwájú nínú iṣẹ́ yíya àwòrán ilẹ̀ náà, tó sì tún ń kọ àkọsílẹ̀ nípa àwọn tó ń já ilẹ̀ gbà àti àwọn tó ń jí omi, ni wọ́n yìnbọn pa ní Karachi ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2013. Ẹni tó bá ń kọ òtítọ́ àdúgbò sílẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ààbò ìjọba, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn ènìyàn á pa ẹnu mọ́.

Ní Porto Alegre, lórílẹ̀-èdè Bràsíl, àpapọ̀ àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò ló kọ́kọ́ béèrè ní 1986 pé kí àwọn náà lóhùn sí ètò ìṣúná ìlú. Ìjọba tó wọlé ní 1989 gbà fún wọn. Ṣùgbọ́n ní ọdún kejì, èrò dín kù níbi ìpàdé, nítorí pé wọ́n ti béèrè ohun púpọ̀, owó oṣù òṣìṣẹ́ sì ti gbé èyí tó pọ̀ jù nínú owó ìlú lọ. Ìgbà tí owó tó ń wọlé gbé pẹ́ẹ́lí, tí iṣẹ́ sì ń hàn, ni wọ́n tó padà wá. Láti 1988 sí 1997, àwọn ilé tó ní omi ẹ̀rọ àti páìpù ìdọ̀tí fò láti ìdá 75 sí ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ sọ iye tó wà lápò kẹ́ ẹ tó bi ará àdúgbò pé kí ni wọ́n ń fẹ́. Ẹni tó mọ iye owó á mọ bí a ti ń yan ohun kan ṣáájú òmíràn.

Ètò yẹn kan náà, tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ayé, ìjọba ìlú ọ̀hún dá a dúró ní 2017. Kò sí òfin tó dì í mú. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ràn ohun tí Bòlífíà ṣe ní 1994: òfin pín ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó orí orílẹ̀-èdè fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀, ó sì gbé ìgbìmọ̀ alábòójútó tí ará àdúgbò yàn dìde, tó lè fẹjọ́ sùn títí wọ́n á fi dá owó náà dúró. Síbẹ̀, àwọn olóṣèlú rí ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ wọ̀nyẹn sọ di tiwọn, torí pé a kò ya owó iṣẹ́ sọ́tọ̀ fún àwọn tó wà níbẹ̀. Bí olórí ẹgbẹ́ bá ń gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ alága, yóò ṣòro fún un láti bi alága léèrè ohunkóhun. Kí ẹgbẹ́ máa fi owó ara wọn gbé ẹni tí wọ́n rán lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ìjọba ìbílẹ̀ ṣe kò ṣòro: gbogbo ohun tí ẹgbẹ́ bá béèrè, kí wọ́n dá a lóhùn ní kíkọ, kí wọ́n sọ èyí tí wọn yóò ṣe, èyí tí wọn kò ní ṣe, àti ìdí rẹ̀. "Rárá" tó ní àlàyé nínú sàn ju "a ti gbọ́" lọ, torí ẹgbẹ́ lè mú un délé, kí wọ́n jíròrò lórí rẹ̀, kí wọ́n sì padà wá pẹ̀lú ìmọ̀ràn tó dára jù ú lọ.

Ní ti ẹgbẹ́, kí wọ́n wo ara wọn dáadáa kí wọ́n tó pe ara wọn ní ohùn àdúgbò. Ẹgbẹ́ tó jẹ́ ti onílé nìkan kò tíì gbọ́ ohùn àdúgbò. Ayálégbé tó ti gbé níbẹ̀ fún ogún ọdún mọ ibi tí omi ń gbà wọlé ju onílé tó ń gbé ìlú mìíràn lọ. Kí ìjọba tó jókòó bá ẹgbẹ́ kan sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ohùn àdúgbò, kí ó béèrè ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́, kí ó sì wo iye ayálégbé, obìnrin àti ọ̀dọ́ tó ń dìbò níbẹ̀.