“Reduction” kọ́ ló wọ agbádá di “diminution”

Àwọn ayálégbé kan ní kí n bá àwọn ka lẹ́tà kan kó tó dé ọwọ́ lánlọ́ọ̀dù. Ẹ̀bẹ̀ wọn ò le: kí bàbá bá wọn yọ díẹ̀ kúrò nínú owó ilé. Àmọ́ ohun tó wà nínú ìwé ni “We humbly request a dimunition of our rent.” Mo bi bọ̀dá tó kọ ọ́ pé kí ni “reduction” ṣe fún un. Ó ní gbogbo ayé ló mọ ìyẹn. Pé “diminution” náà kúkú ni, aṣọ ló fi jù ú lọ.

Ìgbàgbọ́ yìí pọ̀ láàárín wa, pàápàá àwa tí wọ́n fi grámà dẹ́rù bà nílé ìwé. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Lóòótọ́, ìwé atúmọ̀ èdè á to àwọn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. “Gé” àti “bẹ́” náà jọ ń rìn, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń bẹ́ èékánná. “Reduction” ló bá ohun tí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ dín mu: owó ilé, iye ọjà, òṣìṣẹ́. “Diminution” sábà máa ń bá ohun tó ń joro lọ: agbára, iyì, ọlá. Ẹnìkan kọ lu mọ́tò yín, mẹkáníìkì tún un ṣe, ó ń dán, síbẹ̀ ẹni tó fẹ́ rà á gbọ́ pé ó ti ní jàǹbá rí, kò san iye àtijọ́ mọ́. Ohun tó bọ́ lára iye mọ́tò yẹn làwọn lọ́yà ń pè ní “diminution in value”. Kò sẹ́ni tó jókòó dín in. Òun fúnra rẹ̀ ló wálẹ̀.

Bí ẹ bá ṣì ń jiyàn, ẹ bi ẹni tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì yín. Bó bá gé gígùn ohùn kọ̀ọ̀kan nínú orin kù, ìdajì ló sábà máa ń jẹ́, “diminution” nìyẹn. Bó bá mú orin tí wọ́n kọ fún ọ̀pọ̀ onífèrè àti onígòjé, tó kó o jọ kí ọwọ́ méjì lè tẹ̀ ẹ́ lórí píánò, “reduction” nìyẹn. Ẹ gbé ọ̀kan sípò èkejì, iṣẹ́ tí ẹ ò rán an ló máa jẹ́.

Ti “dimunition” tó wà nínú lẹ́tà tún wá yàtọ̀, àṣìkọ “diminution” ni. “Ammunition” ló ṣi bọ̀dá wa lọ́nà. Ọ̀rọ̀ Látìnì tó túmọ̀ sí kí nǹkan kéré ló bí “diminution”, mọ̀lẹ́bí “minus” tí a fi ń ṣe ìṣirò ni. Èyí tó bí “ammunition” jẹ mọ́ odi tí wọ́n ń mọ yí ìlú ká nítorí ogun. Ẹ̀bẹ̀ lẹ fẹ́ bẹ lánlọ́ọ̀dù o, ẹ wá gbé ọta ìbọn lọ!

Ọ̀rọ̀ ńlá kì í sì í fìgbà gbogbo gbé èèyàn ga. Lọ́dún 2006, Daniel Oppenheimer ti Yunifásítì Princeton ní Amẹ́ríkà tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde: ó fi ọ̀rọ̀ gígùn rọ́pò ọ̀rọ̀ kúkúrú nínú ìwé, àwọn tó kà á sì rò pé ọpọlọ ẹni tó kọ ọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ pé.

A tún lẹ́tà náà kọ: “Please reduce our rent.” Lánlọ́ọ̀dù ò tíì fèsì.