Èsì wa sí oníbàárà tó ra wàrà àti oúnjẹ fún ọmọ ehoro òrukàn

Oníbàárà wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìtọ́jú, ẹ sì kú àìsùn. A ti ka ohun tí ẹ kọ. Ẹ ní ọmọ ehoro 6 ni ìyá wọn kú fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n pé ọjọ́ 4, pé wàrà oníyẹ̀fun wa ni ẹ fi tọ́ wọn dé ọ̀sẹ̀ 3 láìsí wàhálà, àti pé lọ́jọ́ náà gan-an ni ẹ dá wàrà dúró, tí ẹ da oúnjẹ oníhóró wa sínú àwo fún wọn, nítorí ìwé tó wà nínú páálí kò sọ ju pé àkókò oúnjẹ líle ti tó. Láàárín ọjọ́ 3, inú méjì nínú wọn wú, wọ́n yàgbẹ́ gbuuru, wọ́n sì kú. Ìràwọ̀ 1 ni ẹ fún wa, a kò sì wá síbí láti bá yín jiyàn lé e lórí.

A mú ìwé pelebe náà, a tún un kà bí ẹni tí kò tọ́ ehoro rí. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí: "Bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ líle ní ọ̀sẹ̀ 3." Kò sọ pé kí wàrà má dáwọ́ dúró, kò sì dárúkọ koríko gbígbẹ rárá. Ohun tó ti mọ́ wa lára ni a rò pé gbogbo ayé mọ̀, ẹ̀bi wa sì ni.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi le fún ọmọ òrukàn ju ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ní ìyá lọ nìyí. Ìyá ehoro kì í sábà fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú ju ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ lọ, fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, ṣùgbọ́n wàrà rẹ̀ ki gan-an: nínú gíráàmù 100, ọ̀rá máa ń lé ní gíráàmù 10, nígbà tí ti màlúù wà ní nǹkan bíi 4 péré. Ọmú yẹn tún ní èròjà tó ń dènà kòkòrò àìfojúrí búburú nínú ikùn ọmọ, nítorí omi ikùn rẹ̀ kò tíì kan tó ti àgbà ehoro tó lè pa wọ́n fúnra rẹ̀. Kò sí wàrà oníyẹ̀fun kankan, tiwa náà kò yọ sílẹ̀, tó ní èròjà náà. Nígbà tí ọmọ bá sì ń rìn jáde nínú ìtẹ́, a máa jẹ lára ìgbẹ́ ìyá rẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń gba àwọn kòkòrò rere tí yóò máa bá a po koríko nínú ìfun. Òrukàn kò rí èyí gbà. Bí oúnjẹ oníhóró, tí sítáàṣì pọ̀ nínú rẹ̀, bá wá ya wọ irú ìfun bẹ́ẹ̀ lójijì, àwọn kòkòrò búburú ni yóò jàǹfààní rẹ̀, inú yóò sì kún fún afẹ́fẹ́.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá wàrà padà fún àwọn 4 tó kù lónìí. Ìgbà 2 lóòjọ́ ti tó, nǹkan bíi mílílítà 13 sí 15 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, bí ara rẹ̀ bá ṣe tóbi tó; èyí tó bá sì yí orí kúrò ti yó, ẹ má ṣe fipá fún un. Ẹ kó hóró kúrò nílẹ̀ títí ìgbẹ́ wọn yóò fi gbẹ, tí yóò sì rí roboto bí ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́. Koríko gbígbẹ tó mọ́ ni kí ó wà níwájú wọn tọ̀sán-tòru, pẹ̀lú omi nínú àwo tí kò jìn. Ọ̀kan nínú àwọn tí a ń tọ́ lọ́wọ́ báyìí, ọmọ ọjọ́ 18, fa ẹyọ koríko kan lánàá, ó ń rún un láti ìdí lọ, etí rẹ̀ ń mì, ó sì sùn lọ kí ó tó jẹ ẹ́ dé ìdajì. Bí oúnjẹ líle ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: eré ni kí ó tó di oúnjẹ. Lẹ́yìn náà ni kí hóró díẹ̀díẹ̀ tẹ̀ lé e, ìwọ̀n tí ìka méjì lè bù, kí wàrà sì máa dín kù láti ọ̀sẹ̀ 6 títí yóò fi tán ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 8. Ewé tútù ṣì lè dúró dìgbà tí wọ́n bá dàgbà jù báyìí lọ.

Bí ẹ bá mọ ẹni tó ní àgbà ehoro tí ara rẹ̀ le, ẹ bẹ̀ ẹ́ fún ìgbẹ́ rírọ̀ rẹ̀, èyí tó ń dán tó sì so mọ́ra bí èso àjàrà, kí ẹ po ìwọ̀nba díẹ̀ mọ́ wàrà wọn. Kò rọrùn láti rí mú o, nítorí ehoro a máa fi ẹnu gbà á ní ìdí ara rẹ̀ kí ó tó kanlẹ̀.

Ẹ̀sùn yín kejì, pé ẹnu síríńjì wa kéré jù, ni a kò lè gbà. Bí wàrà bá yára jù, ọ̀nà èémí ni yóò gbà wọ ẹ̀dọ̀fóró, ọ̀pọ̀ ọmọ ehoro ló sì ti bá bẹ́ẹ̀ kú. Ẹ má gé e; ẹ má sì fi ẹ̀yìn wọn lélẹ̀ bí ẹ bá ń fún wọn.

Ẹ tún kọ pé aládùúgbò kan ní kí ẹ fi amoxicillin, oògùn tó ń pa kòkòrò àìfojúrí, sí wàrà wọn. Ẹ má ṣe é rárá. Oògùn náà, bí ehoro bá gbé e mì, a máa pa kòkòrò rere inú ìfun, ó sì lè pa ehoro fúnra rẹ̀. Èyí tí inú rẹ̀ bá le bí ìlù, tí ara rẹ̀ tutù, tí kò sì fẹ́ mu wàrà, ẹ mú ara rẹ̀ gbóná kí ẹ tó fún un ní ohunkóhun, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran lọ́jọ́ náà.

A ti dá gbogbo owó yín padà. A ti dá títà páálí tó ní ìwé àtijọ́ náà dúró títí tuntun yóò fi dé. Bí ẹ bá wọn àwọn 4 náà láàárọ̀ ọ̀la kí wọ́n tó mu wàrà, ẹ kọ ìwọ̀n wọn sí abẹ́ èsì yìí, kí a lè jọ mọ èyí tó yẹ kí wàrà rẹ̀ lé sí i.